Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Àǹfààní àti Ewu Gbígba Ìtọ́jú Lọ́wọ́ Dókítà Orí Ẹ̀rọ Ayélujára ní Agbègbè Ochanja, Onitsha

Àṣamọ̀

Fóònù alágbèéká ti yí ọ̀nà tí a ń gbà tọ́jú ara wa padà. Lónìí, aláìsàn lè bá dókítà sọ̀rọ̀ láti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí ó sì gba ìwé oògùn láì fi ẹsẹ̀ tẹ ilé-ìwòsàn. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ìdí tí àṣà tuntun yìí fi ń gbilẹ̀ àti ewu tó rọ̀ mọ́ ọn. Agbègbè Ochanja ní ìlú Onitsha, ní Ìpínlẹ̀ Anambra, ni a fi ṣe ibùdó àlàyé wa. Èrò tí a gbé kalẹ̀ ni pé kì í ṣe ojú fóònù nìkan ni ewu wà. Ewu tó tóbi jù wà lójú ọ̀nà tó ti orí fóònù lọ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta oògùn. A dábàá ìbéèrè mẹ́rin tí aláìsàn gbọ́dọ̀ bèèrè kí ó tó gbé oògùn mì, a sì sọ ipa tí olùkọ́ èdè lè kó.

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀rọ̀ tó bá wúwo, ojúkojú ni wọ́n ń sọ ọ́. Ìṣègùn wà lára irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí aláìsàn bá wọlé tọ oníṣègùn, kì í ṣe ohun tí ó fi ẹnu sọ nìkan ni oníṣègùn ń gbọ́. Ó ń wo bí ó ṣe ń rìn, ó ń wo ẹyinjú rẹ̀ bóyá ó pọ́n tàbí ó funfun jù, ó ń gbọ́ bí ó ṣe ń mí, ó sì ń fi ọwọ́ tẹ ibi tó ń dùn ún. Dókítà òyìnbó àti oníṣègùn ìbílẹ̀ kò yàtọ̀ síra lórí èyí.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Ochanja ṣe àpẹẹrẹ. Ara ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta, ti ń gbóná láti àná. Àwọn oníbàárà ti ń dé. Bí ó bá gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwòsàn ìjọba, ó lè jókòó títí di ọ̀sán kí ó tó kàn án, owó ọjọ́ náà yóò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fún un ní nọ́ńbà dókítà kan lórí WhatsApp. Ó pè é. Dókítà bi í ní ìbéèrè mẹ́ta, ó ní ibà ni, ó sì tẹ orúkọ oògùn mẹ́ta ránṣẹ́ sí i. Ìyá ọmọ rán ọmọọṣẹ́ rẹ̀ lọ rà á. Kí wákàtí kan tó pé, oògùn ti wọ ẹnu ọmọ.

Ìyá yìí kò hùwà òpè. Ẹni tó bá wà ní ipò rẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ta ni ẹni tó pe ara rẹ̀ ní dókítà yẹn? Ṣé ibà ló ń ṣe ọmọ náà lóòótọ́? Ọwọ́ ta ni ọmọọṣẹ́ ti ra oògùn, kí ló sì wà nínú rẹ̀? A kò kọ àpilẹ̀kọ yìí láti bá ìyá ọmọ wí. A kọ ọ́ láti tọ́ka sí ibi tí ọ̀nà tó gbà ti ń yọ̀.

Oríṣi mẹ́ta ni dókítà orí fóònù

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń da gbogbo ìgbàtọ́jú orí fóònù pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ó yẹ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀.

Èkíní ni dókítà tó ti mọ aláìsàn tẹ́lẹ̀. Ó ti yẹ̀ ẹ́ wò rí, ó mọ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó sì mọ oògùn tí kò bá a lára mu. Bí irú dókítà bẹ́ẹ̀ bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ìtẹ̀síwájú ìtọ́jú tó ti wà nílẹ̀ ni.

Èkejì ni dókítà tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ iléeṣẹ́ tàbí ètò adójútòfò ìlera. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń forúkọ aláìsàn sílẹ̀, wọ́n ń pa àkọsílẹ̀ mọ́, a sì mọ ẹni tí a lè mú bí nǹkan bá bàjẹ́.

Ẹ̀kẹta ni nọ́ńbà lásán. Ó lè wá láti ọwọ́ ọ̀rẹ́, láti inú ẹgbẹ́ WhatsApp, tàbí láti ojú ìwé Facebook tó ń polówó oògùn. Ẹni tó wà níbẹ̀ lè jẹ́ dókítà gidi. Ó lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, ó lè jẹ́ ọmọọṣẹ́ nínú kẹ́míìsì, ó sì lè jẹ́ gbájúẹ̀. Lórí oríṣi kẹta yìí ni ọ̀rọ̀ wa yóò dá lé jù.

Ìdí tí àṣà yìí fi ń gbilẹ̀

Ìdí àkọ́kọ́ ni pé dókítà kò tó. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, Mínísítà fún ètò ìlera, Muhammad Ali Pate, sọ pé dókítà tó lé ní 16,000 ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàrin ọdún márùn-ún sí méje, àti pé dókítà tó kù kò tó mẹ́rin fún ènìyàn 10,000. Bí dókítà bá ti ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá rí ọ̀kan lórí fóònù yóò dì í mú.

Ìdí kejì ni àrùn Kòrónà. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹta, ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ sé ìlú Èkó, Ògùn àti Àbújá mọ́lé. Àwọn ilé-ìwòsàn ń bẹ̀rù kí àrùn má bàa ràn wọ́n, àwọn aláìsàn náà ń bẹ̀rù ilé-ìwòsàn. Ìpínlẹ̀ Èkó dá ètò Eko Telemed sílẹ̀ kí àwọn ará ìlú lè máa pe dókítà láti ilé. Nígbà tí ìsémọ́lé parí, àṣà náà kò parí mọ́ ọn.

Ìdí kẹta jẹ mọ́ apá ìlà-oòrùn ní pàtàkì. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2021 ni àṣẹ jókòó-sílé ọjọ́ Ajé ti bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè yìí. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ọjà máa ń tì, ọkọ̀ máa ń wọ́n, ẹ̀rù sì máa ń ba ènìyàn láti jáde. Àìsàn kò sì mọ ọjọ́ Ajé yàtọ̀ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá lọ́jọ́ yẹn yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó dá fóònù sílẹ̀.

Ìdí kẹrin ni ìtìjú. Àwọn àrùn kan wà tí ènìyàn kì í fẹ́ kí ará àdúgbò mọ̀, bí àtọ̀sí, ìdààmú ọkàn, tàbí àìrómọbí. Orí fóònù, kò sí ẹni tí yóò rí ọ lórí ìjókòó ilé-ìwòsàn.

Nítorí náà, a kò lè sọ pé kí àṣà yìí kásẹ̀ nílẹ̀. Ó wúlò fún ẹni tó fẹ́ kí dókítà bá a ka èsì àyẹ̀wò, fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru àti alátọ̀gbẹ tó ń lo oògùn tó ti mọ́ ọn lára, àti fún ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tó ń ṣe òun tó ohun tí a ń gbé dé ilé-ìwòsàn.

Ohun tí ojú fóònù kò lè rí

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná. Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbà wá nímọ̀ràn pé kí a ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí a tó fún ẹnikẹ́ni ní oògùn ibà ẹ̀fọn. Ìdí ni pé ara gbígbóná kì í ṣe àrùn, àmì àrùn ni. Ibà ẹ̀fọn lè fà á, òtútù àyà lè fà á, ìgbóná taífọ́ọ̀dù lè fà á. Ibà Lassa pàápàá, tó máa ń jà gan-an ní Ondó àti Edo, a máa bẹ̀rẹ̀ bí ibà lásán. Ojú fóònù kò lè gba ẹ̀jẹ̀ lára ọmọ, kò sì lè gbọ́ àyà rẹ̀.

Níbí ni ọ̀rọ̀ èdè ti wọlé, ó sì kan àwa tí a ń kọ́ni ní èdè. Nínú èdè Yorùbá, ibà ni à ń pe ara gbígbóná, ibà náà ni à ń pe àrùn tí ẹ̀fọn ń fà. Nínú èdè Igbo, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò, ịba, jọ tiwa, ó sì ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Bí ìyá ọmọ bá sọ pé ibà ni, tí dókítà náà sì dáhùn pé ibà ni, ó lè jẹ́ ohùn ara wọn nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Kò sí ẹni tó tíì yẹ ọmọ wò.

Àpẹẹrẹ mìíràn pọ̀. Bí Yorùbá kan tó ń ṣòwò ní Onitsha bá sọ pé ẹ̀dọ̀ ń rìn òun, ohun tí ó ń sọ ni pé èébì ń gbé òun. Bí ó bá tú u ní olówuuru sí èdè Gẹ̀ẹ́sì fún dókítà tí kò gbọ́ Yorùbá, dókítà lè rò pé ẹ̀dọ̀ gan-an ló ń dùn ún. Jẹ̀díjẹ̀dí ń kọ́? Ẹnì kan lè fi pe ìdí yíyọ, ẹlòmíràn lè fi pe ìgbẹ́ ọ̀rìn. Ní ojúkojú, aláìsàn lè fi ìka tọ́ka sí ibi tó ń dùn ún. Nínú àtẹ̀jíṣẹ́, ọ̀rọ̀ nìkan ló kù.

Ewu kejì jẹ mọ́ oògùn fúnra rẹ̀. Àwọn kan wà tí oògùn tó ní sulfa nínú, bí Fansidar, máa ń bó lára. Aboyún kò gbọdọ̀ lo oògùn kan tí ẹlòmíràn ń lò láìsí wàhálà. Oníọgbẹ́ inú kò gbọdọ̀ ṣèèṣì lo àwọn oògùn ara ríro kan. Dókítà tí kò bá bèèrè, kò lè mọ̀. Oògùn apakòkòrò tí a bá sì ń lò fún àìsàn tí kò kàn án, a máa kọ́ kòkòrò bí yóò ṣe borí oògùn. Lọ́jọ́ tí a bá nílò oògùn náà gan-an, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́.

Láti orí fóònù dé Ogbo Ogwu

Ètò ìlera òyìnbó ní ẹnubodè méjì. Dókítà ni ẹnubodè kìíní: òun ló ń pinnu oògùn. Apòògùn tó gba ìwé ẹ̀rí ni ẹnubodè kejì: òun ló ń yẹ ìwé oògùn wò, bóyá ó pọ̀ jù, bóyá ó ń bá òmíràn jà, bóyá ọmọdé lè lò ó. Bí dókítà bá ṣe àṣìṣe, apòògùn lè dá a dúró. Dókítà orí fóònù ti sọ ẹnubodè kìíní di aláìlágbára. Ní Onitsha, ọjà ti ṣí ẹnubodè kejì sílẹ̀ gbayawu.

Láti Ochanja, ọ̀nà kò jìn sí Head Bridge, lẹ́bàá afárá tó gba orí Odò Ọya kọjá. Ibẹ̀ ni ọjà oògùn tí wọ́n ń pè ní Ogbo Ogwu wà. Ọ̀rọ̀ Igbo náà, ọgwụ, kò jìnnà sí oògùn tiwa. Nínú èdè méjèèjì, orúkọ kan náà ni à ń pe ewé àti egbò àti ti inú páálí. Ọjà yìí wà lára àwọn ọjà oògùn tó tóbi jù ní ilẹ̀ wa, gẹ́gẹ́ bí Ìdúmọ̀tà ti jẹ́ ní Èkó.

Kò sí ẹni tí ó mọ ewu ibẹ̀ tó olóògbé Dora Akunyili, ọmọ Nanka ní Ìpínlẹ̀ Anambra yìí kan náà. Ní ọdún 1988, àbúrò rẹ̀ obìnrin, Vivian, tó ní àtọ̀gbẹ, kú lẹ́yìn tí wọ́n fún un ní insulin ayédèrú. Nígbà tí ó di olórí àjọ NAFDAC ní ọdún 2001, ó dojú ìjà kọ àwọn oníṣòwò ayédèrú oògùn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2003, wọ́n yìnbọn sí ọkọ̀ rẹ̀ ní Anambra, ọta ìbọn sì ha gèlè orí rẹ̀. Ní ọdún 2007, ó ti ọjà oògùn Onitsha pa fún oṣù mélòó kan. Síbẹ̀, ní oṣù Kejì ọdún 2025, lábẹ́ Mojisola Adeyeye, NAFDAC tún ní láti ti ọjà náà pa, pẹ̀lú ti Ìdúmọ̀tà àti ti Aba. Wọ́n bá oògùn tí ọjọ́ ti kọjá lórí rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n bá èyí tí a kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì bá Tramadol. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún ṣí ọjà.

A kò sọ pé ayédèrú ni gbogbo oògùn ibẹ̀, tàbí pé olè ni gbogbo oníṣòwò ibẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tó ń tà níbẹ̀ kì í bèèrè ẹni tó kọ ìwé oògùn. Ìwé oògùn orí fóònù tún ní àléébù tirẹ̀. Àwòrán ni, kò ṣeé gbà lọ́wọ́ ẹni tó mú un wá. Ènìyàn lè fi ra oògùn lẹ́ẹ̀kan, kí ó tún fi rà á ní ìgbà mẹ́wàá. Ó lè fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ní ara ń gbóná òun náà. Bí ó bá jẹ́ oògùn tó ń di bárakú ni, bí Tramadol tàbí omi ikọ́ oní-codeine tí ìjọba fi òfin dè ní ọdún 2018, a mọ ibi tí yóò yọrí sí.

Ohun tí òfin sọ

Nàìjíríà kò ṣàì ní òfin. Àjọ MDCN ló ń forúkọ dókítà sílẹ̀, ọdọọdún ni dókítà sì gbọ́dọ̀ sọ ìwé àṣẹ rẹ̀ dọ̀tun. Ìwé òfin ìwà tí àjọ náà ṣe fún àwọn dókítà mẹ́nu ba ìtọ́jú láti ọ̀nà jíjìn, èyí ni pé dókítà kò lè sọ pé òfin kò dé orí fóònù. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso àwọn apòògùn gbé ìlànà jáde fún títa oògùn lórí ayélujára ní ọdún 2021. Òfin ìdáàbòbò dátà ọdún 2023 sì kà ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn kún ohun tí a kò gbọdọ̀ tú síta. Ọ̀rọ̀ àṣírí tí aláìsàn fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tí kò mọ olówó rẹ̀ ti jáde lábẹ́ ààbò yẹn.

Ohun tó kù ni pé òfin kò lè dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan. Dókítà tó wà ní London tàbí Houston, tó ń bá àwọn ẹbí rẹ̀ nílé sọ̀rọ̀, lè jẹ́ dókítà gidi lọ́hùn-ún kí ìwé àṣẹ rẹ̀ níbí sì ti kú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lókè òkun

Àwọn orílẹ̀-èdè tó ti ṣáájú wa nínú ọ̀rọ̀ yìí náà ti jẹ ìyà rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ryan Haight, ọmọ ọdún 18 ní California, kú ní ọdún 2001. Ó ti ra oògùn apàrora tó lágbára lórí ayélujára. Dókítà tó kọ oògùn náà fún un kò fi ojú kàn án rí. Ní ọdún 2008, wọ́n ṣe òfin tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀: dókítà gbọ́dọ̀ rí aláìsàn lójúkojú, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, kí ó tó kọ oògùn tó ń di bárakú fún un láti orí ayélujára. Nígbà àrùn Kòrónà ni wọ́n dẹ òfin náà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ìjọba Amẹ́ríkà mú olùdásílẹ̀ iléeṣẹ́ Done, wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án pé iléeṣẹ́ náà ń pín oògùn Adderall lọ́nà tí kò bófin mu.

Ní Britain, ní oṣù Kejì ọdún 2025, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn apòògùn mú ìlànà le fún àwọn tó ń ta oògùn lórí ayélujára. Ẹni tó fẹ́ ra oògùn tó léwu, bí oògùn ìfọnra, kò lè rí i gbà mọ́ nítorí pé ó dáhùn ìbéèrè inú fọ́ọ̀mù nìkan. Kí ni èyí fi hàn? Pé níbi tí apòògùn pọ̀, tí ọlọ́pàá sì ń gbọ́, wọ́n ṣì gbà pé ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ìbéèrè mẹ́rin

A dábàá pé kí aláìsàn bèèrè ìbéèrè mẹ́rin wọ̀nyí.

1. Ta ni? Kí dókítà sọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, àti nọ́ńbà fólíò rẹ̀ lọ́dọ̀ MDCN. Dókítà gidi kò ní bínú sí ìbéèrè yìí.

2. Kí ni ẹ kò lè rí láti ibẹ̀? Dókítà tó mọṣẹ́ yóò sọ fún ọ pé kí o lọ ṣe àyẹ̀wò kan kí o tó lo oògùn. Ẹni tó bá kọ oògùn mẹ́rin láì ní kí o ṣe àyẹ̀wò kankan, tí kò bèèrè nípa oyún tàbí oògùn tó ń bó ọ lára, má lo tirẹ̀.

3. Kí ni ó wà nínú ìwé náà? Orúkọ aláìsàn, ọjọ́, orúkọ oògùn, ìwọ̀n, iye ìgbà lóòjọ́, iye ọjọ́, àti orúkọ dókítà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

4. Níbo ni mo ti máa rà á? Kí o lọ sí ilé oògùn tó forúkọ sílẹ̀, níbi tí apòògùn fúnra rẹ̀ wà. Wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí oògùn yóò parí. Bí páálí bá ní ibi tí a ń ha, ha á, kí o fi nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tí wọ́n kọ síbẹ̀.

Àwọn ìgbà kan wà tí a kò gbọdọ̀ bèèrè ohunkóhun lórí fóònù rárá, bí kò ṣe ọkọ̀. Ọmọ tí gìrì mú, tí kò lè mu omi tàbí ọmú, tó ń bì gbogbo ohun tó jẹ, tó ń sùn láì ṣeé jí, tàbí tí èémí rẹ̀ ń sáré. Aboyún tó ń ta ẹ̀jẹ̀. Àgbà tí àyà ń dùn tàbí tí apá kan ara rẹ̀ rọ lójijì. Ilé-ìwòsàn ni ká gbé wọn lọ kíákíá. Ará Ochanja mọ ohun tí ìdúró máa ń dá sílẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, ọkọ̀ epo kan ṣubú ní Upper Iweka, iná tọ ojú gọ́tà wọ ọjà, panápaná kò sì tètè dé. Ìṣẹ́jú tó kọjá kì í padà.

Ipa olùkọ́

Ilé-ẹ̀kọ́ ìkọ́ni àgbà ló ń kọ́ ẹni tí yóò kọ́ ọmọ. Ohun mẹ́ta wà tí a lè ṣe. Èkíní, kí olùkọ́ èdè Yorùbá, Igbo àti Hausa jọ kó ọ̀rọ̀ àìsàn jọ, kí wọ́n ṣàlàyé èyí tó ní ju ìtumọ̀ kan lọ, bí ibà àti jẹ̀díjẹ̀dí. Èkejì, kí a kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti ṣe eré oníṣe nínú kíláàsì, kí ọ̀kan ṣe dókítà orí fóònù, kí èkejì ṣe aláìsàn tó ń bèèrè ìbéèrè mẹ́rin náà. Ẹ̀kẹta, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan bá àwọn òbí rẹ̀ ṣe ìwé kékeré kan fún ilé, níbi tí wọ́n yóò kọ oògùn tó ń bó ẹnì kọ̀ọ̀kan lára sí, àti àìsàn tó ti ṣe é rí. Ọmọ ilé-ìwé ló sábà máa ń bá ìyá àgbà tẹ fóònù. Bí ọmọ náà bá mọ ìbéèrè, ìyá àgbà ti rí olùṣọ́.

Ìkádìí

A ti rí i pé dókítà orí fóònù dé nítorí pé àìní wà, kò sì ní padà lẹ́yìn wa. Ohun tó yẹ kí a ṣe ni kí a tún ẹnubodè méjèèjì ṣe: kí dókítà jẹ́ ẹni tí a mọ̀, kí apòògùn sì jẹ́ ẹni tó ń yẹ ìwé oògùn wò. Títí ìjọba yóò fi ṣe tirẹ̀, aláìsàn ni yóò máa ṣọ́ ẹnubodè fún ara rẹ̀. Ìlera loògùn ọrọ̀. Bí ìyá inú àpẹẹrẹ wa bá ná wákàtí méjì láti gbé ọmọ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, oníbàárà kan tàbí méjì lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n lè padà wá lọ́la. Ọmọ ni kò ní pààrọ̀.